Bí Mo Ṣe Di Ẹnu Bàbá Rájí

“Ẹ ó pẹ́ fún wa, Bàbá.”

Bí mo ṣe máa ń kí wọn láràárọ̀ nìyẹn, tí mo bá ti ṣílẹ̀kùn, tí mò ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá Rájí á dáhùn látorí bẹ́ẹ̀dì pé “Àmín,” èmi á sì gba kíṣíìnì lọ gbé omi tíì kaná. Àárọ̀ ọjọ́ kan, mo kí wọn, mi ò gbọ́ àmín. Mo rò pé wọn ò gbọ́ ni. Mo tún wọn kí, mo gbóhùn sókè bí ẹni tó ń pe bọ́ọ̀sì tó ti gbéra.

“Mo gbọ́ ẹ,” ni Bàbá wí. “Mi ò ṣe àmín sí i ni. Àdúrà yẹn ti tó. Gbé e lọ fún ẹlòmíì.”

Bàtà kan ṣì wà lẹ́sẹ̀ mi, ìkejì wà lọ́wọ́. “Bàbá, ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?”

“O ò ṣẹ̀ mí. Ìwọ àtàwọn yòókù tẹ́ ẹ̀ ń bẹ Ọlọ́run pé kí n pẹ́, Ọlọ́run ti gbọ́. Wò mí bí mo ṣe pẹ́ níbí. Ẹ jẹ́ kó sinmi.”

Iṣẹ́ kéárà ni mò ń ṣe ní Peckham, nílùú òyìnbó níbí. Àwọn àgbàlagbà tí agbára wọn ò gbé iṣẹ́ ara wọn mọ́, àwa là ń lọ bá wọn nílé. A máa wẹ̀ wọ́n, a máa wọṣọ fún wọn, a máa fún wọn lóúnjẹ, a máa rí i pé wọ́n lo oògùn wọn, a sì máa sáré jáde lọ sílé ẹlòmíì. Ìgbàkígbà tá a bá wọlé ẹnì kan báyìí, kọ́ọ̀lù là ń pè é: kọ́ọ̀lù àárọ̀, tọ̀sán, tìrọ̀lẹ́. Kí n tó dé ìlú yìí, ọkọ̀ ni mò ń tún ṣe n’Íbàdàn. Ọkọ̀ tó bá forí sọ igi, èmi ni wọ́n ń gbé e wá bá, màá máa fi òòlù lù ú títí á fi rántí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Ìyàwó mi ní iṣẹ́ méjèèjì ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, pé kí n ṣáà máa rántí gbé òòlù sílé.

Ní ti ìwé, ìwé mẹ́fà ni mo kà. Àmọ́ mo tún kíláàsì méjì kà nínú ẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ bọ̀wọ̀ fún mi lè pè é ní mẹ́jọ.

Aunty Kúdí, ọmọ Ẹdẹ, ló kọ́ mi níṣẹ́. Kò sí àgbàlagbà kan láti Peckham dé Walworth tí wọn ò mọ̀, wọ́n sì mọ ẹni tó máa ń jánijẹ nínú wọn. Ọjọ́ kìíní tí wọ́n mú mi dání, ilé bàbá òyìnbó kan ní Kennington la lọ. Ìyá mi ti kọ́ mi láti kékeré pé ẹni tó bá tó bàbá ẹni bí, a kì í kí i lóròó. Bí mo ṣe wọlé, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì. Bàbá òyìnbó rò pé mo dákú ni. Wọ́n fa okùn pupa tó wà lára ògiri, èyí tí wọ́n ń fà tí ewu bá dé. Ohùn kan sì jáde lára ògiri, ó ń béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀. Bàbá ní kéárà tuntun ti kú. Aunty Kúdí jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, “Gàní, àwọn èyí ò mọ ìdọ̀bálẹ̀ o. Tẹrí ba díẹ̀, ó ti tó.”

Àwọn náà ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wẹ àgbà. Wọ́n ní kójú mi máa wo ògiri, kọ́wọ́ mi wà lẹ́nu iṣẹ́, kẹ́nu mi má sì dákẹ́. Ibi tí mo bá wẹ̀ tán, kí n fi tọ́wẹ̀lì bò ó kí n tó ṣí ibòmíì. Kò gbọdọ̀ sí ìgbà kan tí gbogbo ara èèyàn máa wà níta lẹ́ẹ̀kan náà bí ọmọ tuntun. “Ọ̀rọ̀ ni kó o máa fi bo ìtìjú wọn,” bí Aunty Kúdí ṣe máa ń sọ nìyẹn. “Tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ ìṣèlú, kò ní rántí pé ìhòòhò lòun wà.”

Torí náà, èmi àti Bàbá Rájí máa ń sọ̀rọ̀. Bọ́ọ̀sì ni Bàbá wà nílùú yìí títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. North Peckham ni wọ́n ń gbé kí ìjọba ìbílẹ̀ tó wó ibẹ̀, kí wọ́n tó kó wọn lọ sí fúláàtì tí wọ́n wà báyìí, àjà kẹta lókè. Alhaja ìyàwó wọn ti kú. Àwọn tí wọ́n jọ máa ń tò sílà kan náà ní mọ́sáláṣí ti lọ tán. Àwọn tó kù níbẹ̀ ń pè wọ́n ní Bàbá Àgbà, torí pé wọn ò mọ orúkọ wọn. Rófíà ọmọ wọn obìnrin, tí wọ́n bí nílùú yìí, ń ṣiṣẹ́ tíṣà, ó sì máa ń wá tó bá ti ráyè. Bàbá ò ṣàìsàn. Dókítà ní ọkàn wọn ń lù bí ti ọ̀dọ́. Ẹsẹ̀ ló kọ iṣẹ́, ojú ló ń ṣú, ohùn ló ti lọlẹ̀ débi pé ẹni tí ò bá tẹ́tí sún mọ́ wọn ò ní gbọ́ nǹkan kan.

Lásìkò tí wọ́n kọ àmín yẹn, ọ̀rọ̀ kan ló gba orí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ń jà nílé aṣòfin lórí òfin kan, pé ẹni tí àìsàn rẹ̀ ò ní ìwòsàn, tí dókítà ti sọ pé kò ní pẹ́ mọ́, tó bá fẹnu ara ẹ̀ bẹ̀bẹ̀, kí wọ́n ràn án lọ́wọ́ kó kú. Bàbá gbọ́ ọ, inú bí wọn. Inú bí èmi náà. Mo rò pé ìbínú kan náà la jọ ń bí, àṣé Bàbá ń bínú pé òfin ọ̀hún yọ àwọn sílẹ̀ ni.

“Èmi ńkọ́?” ni wọ́n bi mí, bí mo ṣe ń fọ ẹ̀yìn wọn. “Ẹni tó ní jẹjẹrẹ, wọ́n á dá a lóhùn. Èmi tí mi ò ní nǹkan kan àfi ọjọ́ orí, kí n máa jókòó síbí kí n máa retí jẹjẹrẹ? Ara líle wá di ẹ̀ṣẹ̀?”

“Ọlọ́run ló ni ẹ̀mí, Bàbá.”

“Mo mọ̀. Èmi náà kéwú, mo kéwú jù ẹ́ lọ. Màá dáhùn fún ara mi níwájú Rẹ̀. Àbí ìwọ ni wọ́n ní kó o bá mi dáhùn?”

Mo fi tọ́wẹ̀lì bo ẹ̀yìn.

Òfin iṣẹ́ wa ni pé tá a bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, a ò gbọdọ̀ gbé e mì. Mo sọ fún nọ́ọ̀sì, dókítà sì wá bá wọn jókòó dáadáa. Ó bi wọ́n bóyá wọ́n ń sùn, bóyá oúnjẹ ń lọ, bóyá wọ́n ní nǹkan kan lọ́kàn tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ara wọn. Bàbá ní rárá, pé àwọn kì í ṣe olè tó máa gba ojú fèrèsé jáde, ẹnu ọ̀nà làwọn fẹ́ gbà. Dókítà bi wọ́n lórúkọ ẹni tó ń ṣèjọba, kó lè mọ̀ bóyá orí wọn pé. Wọ́n dárúkọ ẹ̀, wọ́n sì bú u. Dókítà ní orí wọn pé pérépéré, pé òun á máa wá wò wọ́n, ó sì ń wá.

Èmi rò pé mo mọ nǹkan tó ń ṣe wọ́n. Lífìtì ilé wọn ti bà jẹ́ tipẹ́, wọn ò rí ìta. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àwọn káńsù tó ni ilé náà lẹ́nu. Mo pè wọ́n títí obìnrin tó ń gbé fóònù níbẹ̀ fi mọ orúkọ àwọn ọmọ mi. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe, mo gbé Bàbá sórí àga onítáyà, ó di Rye Lane, níbi tọ́jà wà. Oòrùn ràn. A ra àgbàdo sísun. Ẹnì kan tí wọ́n jọ wa bọ́ọ̀sì rí kí wọn, wọ́n dúró sọ̀rọ̀ ọ̀gá kan tí àwọn méjèèjì kórìíra. Mo ń wo ojú wọn bí ẹni tó ń retí kí iṣu jinná. Nígbà tá a padà délé, mo bọ́ kóòtù lọ́rùn wọn.

“O ṣeun,” ni Bàbá wí. “Rye Lane dáa. Mo ṣì fẹ́ kú.”

Ká sòótọ́, ó dùn mí ju bó ṣe yẹ kó dùn mí lọ.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni wọ́n lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà nísàlẹ̀, pé ìpàdé máa wà nínú gbọ̀ngán ẹ̀sítéètì lọ́sàn-án Sátidé, káwọn àgbàlagbà àdúgbò wá sọ tẹnu wọn lórí òfin náà. Bàbá ní àwọn ń lọ, àti pé èmi ni màá jẹ́ ẹnu àwọn. Tí inú bá ti ń bí wọn, Gẹ̀ẹ́sì máa ń sá lọ lẹ́nu wọn, Yorùbá nìkan ló máa ń dúró tì wọ́n. Wọ́n á sọ ọ́ sí mi létí, èmi á sọ ọ́ sókè.

“Bàbá, ẹ mọ̀ pé mi ò fara mọ́ ọn.”

“Ta ló ní kó o fara mọ́ ọn? Nígbà tí mò ń wa bọ́ọ̀sì, mi ò bi èrò kankan bóyá ibi tó ń lọ dáa. Mo gbé e débẹ̀ ni.”

Rófíà dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà lífìtì ní Sátidé ọjọ́ yẹn. Yorùbá rẹ̀ máa ń rìn díẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì á fà á lọ́wọ́.

“Uncle Gàní, please, ẹ má translate nǹkan tí Daddy bá sọ. Ẹ kàn sọ nǹkan míì.”

“Kí n sọ kí ni?”

“I don’t know. Lífìtì. Ẹ sọ pé lífìtì ò ṣiṣẹ́.”

“Lífìtì ti ń ṣiṣẹ́, Rófíà. Òun la máa wọ̀ báyìí.”

“Uncle, allow it, man.” Bẹ́ẹ̀ làwọn ọmọ ìlú yìí ṣe ń sọ pé kéèyàn fi nǹkan sílẹ̀. Ó yí ojú sí ògiri. “Tí òfin yẹn bá dé ọ̀dọ̀ people like Daddy, èmi ni gbogbo èèyàn máa wò. Any time tí mi ò bá ráyè wá, màá máa rò ó pé, ṣé èmi ni? Ṣé torí pé mi ò wá ní Sunday ló ṣe sọ ọ́?”

Nínú gbogbo ẹni tó wà nílé yẹn, èmi ni mo kórìíra òfin ọ̀hún jù. Ká ní ẹlòmíì ló rán mi, tayọ̀tayọ̀ ni ǹ bá fi parọ́. Àmọ́ àgbà ló rán mi. Mo wá rántí òwe kan, pé tí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mo ní ó dáa, màá jẹ́ iṣẹ́ Bàbá, ṣùgbọ́n màá fi ọgbọ́n ọmọlúàbí sí i. Mo fi òwe yẹn sápò lọ sí ìpàdé.

Èèyàn pọ̀ nínú gbọ̀ngán. Tíì wà, bisikíìtì wà, àwọn àgbà Yorùbá kan sì ti gba ìlà ẹ̀yìn kan. Obìnrin tó ń darí ìpàdé ti ṣe nọ́ọ̀sì rí, ó gbé gíláàsì ojú rẹ̀ sórí irun, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnìkejì. Nígbà tó kan Bàbá, wọ́n gbé maikirofóònù fún mi. Bàbá sọ ọ́ sí mi létí, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì, irú Gẹ̀ẹ́sì tí Ọlọ́run fún mi.

Mo ní, “Bàbá ní ayé ti sú wọn. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.”

Ìlà ẹ̀yìn dáhùn pé, “Àmín.”

“Wọ́n ní àwọn ò ṣàìsàn, àmọ́ àwọn fẹ́ kú. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.”

“Àmín.”

“Wọ́n ní kí dókítà ran àwọn lọ́wọ́. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, lágbára Ọlọ́run.”

“Àmín o, àṣẹ.”

Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ẹnì kan ń fi ẹnu mi sọ pé òun fẹ́ kú, àgbà sì ni, ó jókòó tì mí. Ahọ́n mi ò lè gbé e kalẹ̀ kó má gbé nǹkan lé e lórí. Kí n tó mọ̀, ẹ̀bẹ̀ Bàbá ti di àdúrà ìtúsílẹ̀. Obìnrin kan lẹ́yìn ti na ọwọ́ sókè.

Bàbá fi ọ̀pá gbá mi lójúgun. “Ta ló ní kó o máa bá mi kọ̀ ọ́?”

Obìnrin tó ń darí ìpàdé fa gíláàsì wá sójú. Ó bi mí jẹ́jẹ́, kò fi mí ṣẹ̀sín. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ‘Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́’ yẹn, ṣé Bàbá ló ń sọ ọ́ àbí ẹ̀yin?”

Maikirofóònù ṣì wà lẹ́nu mi, gbogbo gbọ̀ngán gbọ́ bí mo ṣe gbé itọ́ mì. “Èmi ni mà.”

“Ṣé ẹ lè yọ tiyín kúrò, kẹ́ ẹ jẹ́ ká gbọ́ tiwọn? Tí wọ́n bá ti sọ tán, a máa gbọ́ tiyín náà.”

Ìbéèrè yẹn tọ́. Mo wo Rófíà níbi tó jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ilẹ̀ ló ń wò. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fi etí sí ẹnu Bàbá, mo sì gbé ọ̀rọ̀ wọn jáde bó ṣe wà. Mo ní:

“Bọ́ọ̀sì ni mo wà. Gbogbo bọ́ọ̀sì ló níbi tó ń parí sí. Tọ́kọ̀ bá débẹ̀, awakọ̀ á sọ fún èrò pé ibí la parí sí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Kì í ṣe ìjà. Ìyàwó mi ti sọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ti sọ̀. Mò ń wa àga òfìfo kiri ìlú. Mi ò ní kí ẹni tí ò tíì débi tó ń lọ sọ̀ kalẹ̀. Tèmi ni mo ní ó ti dé. Ẹ̀ ń bi mí pé kí ló ń ṣe mí. Kò sóhun tó ń ṣe mí. Mo ti parí ni.”

Kò sẹ́ni tó ṣe àmín. Ọkùnrin kan ń ro tíì, ó dá ṣíbí dúró.

Obìnrin náà dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá, ó wá ní ó kàn mí. Mo dìde. Òótọ́ ni pé mo ti wà lóròó tẹ́lẹ̀, àmọ́ mo tún dìde.

Mo ní, “Kéárà ni mí. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo máa ń gbọ́ tí mo bá ṣílẹ̀kùn ọ̀pọ̀ àgbà ni pé kí n má bínú. Má bínú, mo tọ̀ sílé. Má bínú, mò ń fi àkókò ẹ ṣòfò. Ìyá kan wà ní ẹ̀sítéètì Aylesbury tó dá tọ́ gbogbo ọmọ ẹ̀, ó ń bẹ̀ mí pé kí n dárí ji òun torí pé ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣílẹ̀kùn yìí fún ẹni tí kò ṣàìsàn, irú ìyá yẹn ló máa kọ́kọ́ wọlé. Kì í ṣe torí pé ayé sú u. Torí kó má bàa yọ ọmọ lẹ́nu ni. Ó tún máa bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ má bínú pé òun pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò ní gbà. Tó bá ṣe èmi nìkan ló kù tí kò gbà, mi ò ní gbà.”

Ìlà ẹ̀yìn pàtẹ́wọ́. Mo fẹ́ jókòó, inú mi ń dùn díẹ̀ sí ara mi, Bàbá bá fa ẹ̀wù mi. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ṣì kù.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Èmi lẹnu wọn, èmi náà ni wọ́n fẹ́ bá wí. Mo gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, mo gbé maikirofóònù, mo ní, “Bàbá ní kẹ́ ẹ bi kéárà yìí bóyá ó ti gbọ́ ‘má bínú’ lẹ́nu àwọn rí.”

Gbogbo èèyàn ń wò mí. Kò sẹ́lòmíì tó máa dáhùn.

Mo ní, “Rárá. Èébú ni mo máa ń gbọ́.”

Ẹ̀rín gba gbọ̀ngán. Bàbá tún sọ sí mi létí, mo tún gbé e jáde: “Wọ́n ní kéárà má fi àwọn tó ń bẹ̀bẹ̀ dí ọ̀nà mọ́ ẹni tí ò bẹ̀bẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀rù tó ń bà á lórí ìyá Aylesbury, kó lọ gbé e fún ìyá Aylesbury. Wọ́n ní Rájí kọ́ ló bí ẹ̀rù yẹn.”

Èmi àti Bàbá ń wo ara wa. Mo gbé maikirofóònù kúrò lẹ́nu, mo bá wọn sọ Yorùbá. “Bàbá, òfin kan ṣoṣo ni wọ́n máa ṣe. Wọn ò lè ṣe ọ̀kan fún ẹni tó ń búni, kí wọ́n ṣe òmíì fún ẹni tó ń tọrọ àforíjì. Ilẹ̀kùn kan náà ni. Ta ló máa dúró síbẹ̀ máa dá wọn mọ̀?”

Bàbá fi ọ̀pá fa ilẹ̀.

“Ìyẹn mọ́gbọ́n wá díẹ̀,” ni wọ́n wí. “Má sọ fún wọn pé mo sọ bẹ́ẹ̀.”

Mo jẹ́ iṣẹ́ yẹn náà bí wọ́n ṣe rán mi. Nígbà tí obìnrin náà béèrè ohun tí Bàbá wí, mo ní wọ́n ní àwọn fẹ́ bisikíìtì.

Ìpàdé parí, kò sẹ́ni tó yí ọkàn ẹnikẹ́ni padà. Rófíà ló ti àga Bàbá lọ sílé, mo tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. A dé ẹnu ọ̀nà ilé. Ibẹ̀ ló ti dúró, ó bọ́ síwájú àga, ó bẹ̀rẹ̀ níwájú bàbá ẹ̀.

“Daddy, mo gbọ́ ẹ. Mi ò gbà, I’m never going to gbà. But I heard you.”

Bàbá gbé ọwọ́ lé e lórí. “Ọdún kan rèé tí mo ti ń sọ ọ́,” ni wọ́n wí. “Ẹ̀ ń ṣe àmín lé mi lórí.”

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún dé éjẹ́ńsì tó gbà wá síṣẹ́. Ọ̀gá pè mí, ó ní kéárà kì í bá oníbàárà jiyàn, áńbọ̀tórí ní gbangba, pé òun máa gbé ẹlòmíì lọ sọ́dọ̀ Bàbá. Ọmọ tó rán lọ níwà, ó sì mọ iṣẹ́. Bàbá ní gbogbo nǹkan táwọn bá sọ ló ń gbà, tó sì ń pe àwọn ní dáálìn. Wọ́n ní Alhaja ò pe àwọn ní dáálìn rí títí tó fi kú, àwọn sì bímọ. Wọ́n ní kí wọ́n dá Gàní padà. Bí mo ṣe padà síbẹ̀ nìyẹn.

Tí wọ́n bá ní kí n mú ọmọ tuntun dání lẹ́nu iṣẹ́ báyìí, mo máa ń kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń fi tọ́wẹ̀lì boni, bí Aunty Kúdí ṣe kọ́ mi. Lẹ́yìn ìyẹn, mo máa ń sọ fún un pé tí àgbà bá ní òun fẹ́ kú, kó má sáré pa á lẹ́nu mọ́ pẹ̀lú àdúrà. Kó jókòó. Kó bi í pé kí ló dé. Kó sọ fún nọ́ọ̀sì. Kó gbọ́ ọ tán pátápátá. Tó bá sì ti gbọ́ ọ tán, tó rí i pé òun ò gbà, kó sọ ọ́ sí i lójú pé òun ò gbà. Èèyàn ni, ó lè jiyàn.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo padà sọ́dọ̀ Bàbá, mo ṣílẹ̀kùn, mo ní, “Ẹ káàárọ̀, Bàbá,” mi ò fi nǹkan kan kún un. Mo gbé omi wá, mo fa kọ́tíìnì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀ wọ́n látojú.

“Má lọ máa sọ fún wọn ní mọ́sáláṣí pé ìwọ lo jẹ́ káyé tún wù mí,” ni Bàbá wí. “Kò wù mí. Tí wọ́n bá fi irú wa kún òfin yẹn, èmi ni màá wà níwájú ìlà.”

“Ẹ máa bá mi níbẹ̀. Màá ti dúró síwájú yín, màá dí ọ̀nà.”

“Lójú gbogbo ayé?”

“Lójú gbogbo ayé.”

Wọ́n rò ó. “Wọ́n ní ìpàdé míì ń bọ̀ ní Kennington. Tèmi ni wàá kọ́kọ́ sọ.”

“Tiyín ni màá kọ́kọ́ sọ, bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́.”

“Tó bá wá kan tìẹ, gbóhùn sókè. Níjọ́sí, ò ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń tọrọ gáfárà. Ohun téèyàn bá gbàgbọ́, kó pariwo ẹ̀.”

Mo ní mo ti gbọ́. Mo fún kànrìnkàn, mo ní kí wọ́n gbé apá òsì, kí n fọ abẹ́ ẹ̀. Wọ́n gbé e.